Ǹjẹ́ Ọlọ́run máa ń bá wa kẹ́dùn, àbí Ó kàn ń wò wá níran?

Lídà Kíláàsì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ìgbàgbọ́ jù mí lọ. Inú ọ̀fọ̀ ni ìbéèrè náà ti jáde, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń yan ẹja tà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́wàá, bọ́ sínú ọ̀sà lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fò láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn níbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ náà mọ́ létí omi. A bá sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì lórí iyanrìn. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáadáa, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ọjọ́ kejì ni àwọn apẹja tó rí i. Èmi àti ọkùnrin méjì nínú ìdílé la sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àbúrò mi kò sí níbẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe mọ̀, òbí kì í rí òkú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ ojú oórì rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa, àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ náà ni wọ́n sọ. Wọ́n ní, ‘Ẹ kú ìrọ́jú.’ Wọ́n ní, ‘Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló gbà á.’ Wọ́n ní kó má bá Olúwa bínú, kó má sunkún mọ́, kí ọ̀tá má baà rí i yọ̀. Ìyá àgbà kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi tí kò sì ní ibi kankan lọ́kàn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, ‘Omi ló dànù, agbè kò fọ́.’ Ojú àbúrò mi ni mo ń wò nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Omi! Ìyá tí omi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Kò fèsì. Ó kàn yíjú sí ògiri.

Èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ. Èmi ni mo ka Tẹsalóníkà Kìn-ín-ní, orí kẹrin, sí i létí, pé kí a má ṣe banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Láti ọjọ́ náà kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo ìjọ sì ń yìn ín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lágbára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nídìí àgbá tó fi ń yan ẹja. Igi tútù ló kó sábẹ́ àgbá lọ́jọ́ náà, èéfín bo ibẹ̀ bámúbámú, omi sì ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Mo ní kó sún kúrò nínú èéfín. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe èéfín. Ibí yìí nìkan ni mo ti lè sunkún tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé kí n dákẹ́.’ Lẹ́yìn náà ló wá bi mí: ‘Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka Bíbélì fún wa, lọ́jọ́ tí ọmọ mi bọ́ sómi, ṣé Ọlọ́run sunkún ni, àbí Ó kàn ń wò wá níran?’

Mi ò rí èsì kankan fún un. Mo bá a yí ẹja tó wà lórí àgbá padà, mo sì lọ sílé. Ohun tí mo wá ń bi yín nìyí: ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ wa fún wa láyè láti sọ pé ohun tó ń dùn wá ń dun Ọlọ́run, àbí ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni? Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a fi ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹkún? Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àríyànjiyàn ni mo ń wá. Mo fẹ́ ní ohun tí mo lè lọ sọ fún un ni.

Katikíìsì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àgbádárìgì

Ará wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì bá mi kí ìyá ọmọ náà. Alẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ara mi kò gbé e láti dáhùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èsì mi fún àbúrò yín kò gùn: bẹ́ẹ̀ ni, Ó sunkún. Ó wà nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kọkànlá, ẹsẹ karùndínlógójì, ẹsẹ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa ń sáré mú nígbà tí a bá ní kí oníkálukú há ẹsẹ kan sórí, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni: ‘Jésù sọkún.’ A ti kà á, kà á, títí ó fi di ohun ẹ̀rín lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí i ká. Wọ́n ránṣẹ́ sí Jésù pé Lásárù ń ṣàìsàn, Ó sì tún lo ọjọ́ méjì sí i níbi tó wà. Nígbà tí yóò fi dé Bẹ́tánì, òkú ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì. Màtá jáde lọ pàdé rẹ̀, ó ní ká ní Olúwa ti wà níbẹ̀ ni, arákùnrin òun kì bá kú. Nígbà tí Màríà náà dé, ohun kan náà ló sọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é bó ṣe rí: ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn án. Níbo lo wà nígbà tó ń ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè tí àbúrò yín bi yín nínú èéfín náà nìyẹn, Jésù kò sì sọ fún ọ̀kankan nínú àwọn obìnrin méjèèjì pé kó má bá Olúwa bínú.

Màtá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, Jésù sì bá a sọ̀rọ̀ àjíǹde. Màríà ní tirẹ̀ wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Fún òun, kò sí ìwàásù kankan. Jòhánù ní Jésù kérora ní ọkàn rẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Nínú èdè Gíríìkì tí Jòhánù fi kọ̀wé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lò fún ẹkún Màríà, ọ̀tọ̀ ni èyí tó lò fún ti Jésù. Ti Màríà ni ẹkún tí a ń fi ohùn sun, tí ará ilé kejì yóò gbọ́; ti Jésù ni kí omijé máa ṣàn láìsí ariwo, kò sì sí ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti tún jẹ yọ. Irú ẹkún tí àbúrò yín ń sun nídìí àgbá ẹja nìyẹn.

Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní Hébérù orí kẹrin, ẹsẹ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Bíbélì Yorùbá sọ pé a kò ní olórí àlùfáà tí kò lè bá wa kẹ́dùn nínú àìlera wa. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wò. Kí a bá ènìyàn kẹ́dùn ni kí a dìde nílé ẹni, kí a lọ jókòó sórí ẹní ọlọ́fọ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ sókè, èyí tí a ń lò nígbà tí òkú bá sùn nílé ará àdúgbò ni wọ́n mú. Ẹ tún wo ‘ìyọ́nú’ nínú Sáàmù ikẹtàlélọ́gọ́rùn-ún, níbi tí Dáfídì ti sọ pé bí baba ti í ṣe ìyọ́nú sí àwọn ọmọ ni Olúwa ń ṣe ìyọ́nú sí àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀. Inú tó yọ́ ni ìyọ́nú, bí òrí ṣe ń yọ́ nígbà tí iná bá kàn án. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó kọ Ìhìnrere lò fún àánú Jésù náà, láti ara ìfun ni wọ́n ti mú un, ti àwọn Hébérù sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ tan. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fi àánú Ọlọ́run sí orí ahọ́n. Inú ni gbogbo wọn fi sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i, nítorí ìlú tí mo ń gbé kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé. Etí omi níhìn-ín ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ parí ní 1845 wà, ọdún yẹn náà sì ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tó sì dúró fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn, tí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá yẹn wọlé wá bá a. Crowther ti di àlùfáà nígbà náà, ó ti gba oyè ní 1843, ẹnu rẹ̀ kò sì ṣàìní ìwàásù. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ sílẹ̀ nípa ọjọ́ náà ni pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ tó ti gbẹ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú omijé yẹn. Nígbà tí wọ́n rì í bọmi ní 1848, Hánnà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ obìnrin tó sunkún níwájú Ọlọ́run títí àlùfáà fi rò pé ó ti mutí. Ẹni tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí, tó wá jókòó ti iṣẹ́ àtitúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, mo gbà pé ó mọ ohun tí kí a báni kẹ́dùn jẹ́.

Ajíhìnrere, Ìkòròdú

Mo kí Bàbá wa ní Àgbádárìgì, mo sì bá ẹbí náà kẹ́dùn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni a ń sọ, kò sì yẹ kí àánú ẹni tó ṣọ̀fọ̀ mú wa sọ ohun tó ju èyí tí Ìwé Mímọ́ sọ lọ. Jésù sọkún gẹ́gẹ́ bí ènìyàn; kò sí ẹni tó jiyàn èyí. Láti ibẹ̀ dé orí pé Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé ń sunkún, ọ̀nà náà jìn. Málákì orí kẹta sọ pé Olúwa kì í yípadà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì ti Ìjọ Áńgílíkà, tó ti wà lọ́wọ́ wọn bó ṣe rí yìí láti 1571, sọ pé Ọlọ́run kò ní ara, kò ní ẹ̀yà ara, kò sì sí lábẹ́ ìrusókè ọkàn bíi tiwa. Bí ọkàn Ọlọ́run bá ń gbọgbẹ́ nígbàkúùgbà tí tiwa bá gbọgbẹ́, ta ni yóò wá tu Ọlọ́run nínú? Ẹni tó ń rì kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ sómi wá bá òun rì. Ẹni tó dúró gbọin lórí ilẹ̀, tó lè na àjẹ̀ sí i, ló ń wá.

Ẹ má sì gbàgbé opó Náínì. Nígbà tí Jésù pàdé rẹ̀ tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jáde, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kó má sọkún mọ́. Dáfídì ọba náà gbààwẹ̀, ó sì sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó lọ sínú ilé Olúwa, ó sì jẹun. Ó ní òun ni yóò tọ ọmọ náà lọ, ọmọ náà kò ní í tọ òun wá mọ́. Mo ti rí ẹni tó sunkún títí tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé Ọlọ́run mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ pa ọlọ́fọ̀ lẹ́nu mọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìkòròdú

Ẹ̀yin Ajíhìnrere, ará ìlú kan náà ni wá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ padà lọ ka àpèjúwe tí ẹ fi ẹni tó ń rì ṣe yẹn, kí ẹ sì rántí ohun tó pa ọmọ tí a torí rẹ̀ jókòó síhìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ agbè ṣe bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà yẹn gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní ibi lọ́kàn. A kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni.

‘Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ’ tí a máa ń sọ, ta ló sọ ọ́? Jóòbù ni, lẹ́nu ara rẹ̀, lọ́jọ́ tó gbọ́ pé gbogbo ọmọ òun ti kú. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Àwa àlejò la wá gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí a ń há a fún àwọn ọlọ́fọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kódà kí wọ́n tó fún wa ní àga. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe: wọ́n bá a jókòó nílẹ̀ ní ọ̀sán méje àti òru méje, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nígbẹ̀yìn ìwé náà sì ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n sọ nípa òun kò tọ́. Jóòbù tó ti ń ṣàròyé láti orí kẹta, òun ni Ọlọ́run ní ó sọ̀rọ̀ òun bó ṣe tọ́. Bákan náà ni ìwé Tẹsalóníkà tí Lídà kà fún àbúrò wọn. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé kí a má banújẹ́. Kí ìbànújẹ́ wa má rí bíi ti aláìnírètí ló sọ. Àbọ̀ ẹsẹ ni a máa ń há fún ọlọ́fọ̀.

Ọdún mẹ́fà nìyí tí ọkọ mi ti kú. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà fún mi lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò rántí ọ̀kan. Ẹni tí mo rántí ni obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tí a kò tilẹ̀ sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìró kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ wá, ó sì sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pálọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí mo bá dìde jókòó ní aago méjì òru, òun náà á dìde jókòó. Kò fi iná tàn, kò gbàdúrà sókè, kò bi mí ní nǹkan kan. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀, òun náà á dùbúlẹ̀. Nígbà tí Bàbá kọ ọ́ pé Jésù ń báni kẹ́dùn, òun ni mo rí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Tó Wà Ní Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù fún mi, ẹ̀yin Bàbá, ẹ sì dárí jì mí bó bá le jù. Jésù mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí Lásárù yóò fi jáde. Kí ló wá ń sunkún sí? Bó bá sì jẹ́ pé Ó jí òkú tiwọn dìde lọ́jọ́ náà gan-an, àǹfààní wo ni omijé rẹ̀ ṣe fún obìnrin tí a kò jí ọmọ tirẹ̀?

Katikíìsì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àgbádárìgì

Ìbéèrè náà le, ó sì yẹ kó le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ajíhìnrere lóhùn, nítorí apá kan ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀kọ́ Mọ́kàndínlógójì yẹn kan náà sọ, lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, pé agbára, ọgbọ́n àti oore Ọlọ́run kò lópin. Ohun tí àwọn tó kọ Ẹ̀kọ́ náà ń sọ ni pé kí a má ro Ọlọ́run bí ẹni tí ìbínú tàbí ìbànújẹ́ ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíi tiwa tí ebi lásán máa ń mú wa sọ ìsọkúsọ. Mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n pé Jésù sọkún gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, tí Ọlọ́run sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, ìyẹn ni mi ò gbà. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́ pàdé ní ìlú Chalcedon ní 451, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni Kristi, Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́, a kò sì gbọdọ̀ là á sí ẹni méjì. Nítorí náà, ojú ta ni omijé ti ṣàn ní Bẹ́tánì? Ojú Ọmọ Ọlọ́run ni. Àìsáyà sì ti sọ ọ́ ṣáájú, ní orí kẹtàlélọ́gọ́ta, pé nínú gbogbo ìpọ́njú àwọn ènìyàn rẹ̀, ojú ń pọ́n òun náà.

Ní ti Náínì, ẹ ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Ó ní, ‘Má sọkún mọ́,’ ó rìn lọ, ó fọwọ́ kan pósí, ó sì fa ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ọmọ láti fà léni lọ́wọ́ lè sọ fún ìyá pé kó má sunkún. Àwa tí ọwọ́ wa ṣófo, kí la fẹ́ fi sọ ọ́?

Ìdí tó fi sunkún nígbà tó mọ̀ pé òun yóò jí i: Jòhánù kò ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró níbẹ̀ sọ èyí tó yé wọn, wọ́n ní, ‘Ẹ wo bí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ tó!’ Mo gbà pé ìmọ̀ pé ọ̀la yóò dára kò sọ ìrora òní di irọ́. Bí ènìyàn bá sì ń sunkún, a máa ń ríran: Ó sunkún, síbẹ̀ Ó rí ọ̀nà ibojì, Ó sì ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò. Ẹni tó ń sunkún ló na ọwọ́, Ajíhìnrere. Kò sí ẹlòmíràn lórí ilẹ̀.

Ní ti obìnrin tí a kò jí ọmọ tirẹ̀, ìdí tí omi fi gbé ọmọ náà, èmi kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n, kí ẹ má jẹ́ kó wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìrètí wa ni pé Ọlọ́run yóò nu omijé gbogbo nù kúrò ní ojú wọn, bí Ìfihàn orí kọkànlélógún ṣe wí. Mo máa ń rò ó pé a kì í nu omijé ẹni tí kò sunkún, a kò sì lè dúró lókèèrè nu ojú ènìyàn. Àfi kí a sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wa yóò fi tó o.

Ohun kan wà tí mi ò rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé síhìn-ín, àfi nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ Lídà kà. Kí Jésù tó sunkún, Ó béèrè nǹkan kan. Ẹsẹ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó ní, ‘Níbo ni ẹ̀yin gbé tẹ́ ẹ sí?’ Wọ́n ní, ‘Olúwa, wá wò ó.’ Ìgbà yẹn gan-an ló sunkún. Mo ń fi èyí sílẹ̀ fún Lídà láti rò. Mo mọ àṣà wa, mi ò sì kọ̀wé láti bú àwọn bàbá wa. Wọ́n fi àṣà náà dáàbò bo àwọn ìyá ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Olúwa béèrè ojú oórì.

Ajíhìnrere, Ìkòròdú

Lídà, ẹ forí jì mí nítorí àpèjúwe tí mo lò. Màmá Nọ́ọ̀sì tọ̀nà, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo padà kà á. Mi ò tíì gba gbogbo àlàyé Bàbá, a ó ṣì jọ máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gba ti Náínì. Mi ò sì mọ iye ọlọ́fọ̀ tí mo ti sọ ‘má sọkún mọ́’ fún, tí mo sì yí ẹ̀yìn padà lọ sílé.

Lídà Kíláàsì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo padà wá. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé Bíbélì lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ohun tí mo kà fún un ní ọjọ́ ìjelòó, ó ní kò sí nǹkan kan, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Iná ti rọlẹ̀ lábẹ́ àgbá, èéfín kò pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Màríà ti wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù. Ó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọjà Olúwo, kò wò mí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Nígbà tí mo ka ‘Níbo ni ẹ̀yin gbé tẹ́ ẹ sí?’ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, ‘Jésù béèrè?’

Mo ní, ‘Ó béèrè.’

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo ka èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì ka ‘Jésù sọkún.’ Ó jókòó sórí àpótí tó fi ń yan ẹja, ó sì sunkún sókè, ní gbangba, títí àwọn obìnrin tó wà nídìí àgbá tiwọn fi yíjú sí wa. Ọ̀kan nínú wọn dìde, mo rò pé ó fẹ́ wá sọ pé kó dákẹ́, mo sì gbọ́wọ́ sókè sí i. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa àpótí tirẹ̀ wá, ó jókòó tì í. Mo rántí obìnrin akọrin Màmá Nọ́ọ̀sì.

Nígbà tó pẹ́, àbúrò mi nu ojú, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń béèrè. Níbo lẹ gbé tẹ́ ọmọ mi sí?’

Mi ò tíì sọ fún àwọn àgbà ìdílé, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́, ọ̀rọ̀ yóò wà nílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn tó bá ti ọjà dé, ni mo dá fún un. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi ní àárọ̀ òní pẹ̀lú àdá. Koríko ti bo ibẹ̀ dé orókún, mo sì ti ṣán an.